Àìbéèrè: Ọ̀rọ̀ lórí Ìṣàkóso Ológun, Ẹ̀kọ́ Tó Mẹ́hẹ àti Ìjọba Burúkú ní Ilẹ̀ Wa



Iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ ohun tó fà á tí ìjọba burúkú fi ń pẹ́ láàrin wa. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa olè tí àwọn olóṣèlú ń jà. Ìròyìn ìyẹn kún inú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ mí lógún ni àwa tí wọ́n ń ṣe ìjọba lé lórí. Báwo ló ṣe jẹ́ pé ìlú tí ó kún fún àwọn tó kàwé kì í béèrè ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe? Èrò mi ni pé nǹkan méjì ló pa ìbéèrè mọ́ wa lẹ́nu: ọdún pípẹ́ tí àwọn ológun fi pàṣẹ fún wa, àti irú ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Àwọn méjèèjì kò sì yà sọ́tọ̀ bí ènìyàn ṣe lè rò. Ọ̀kan ń jẹun lára èkejì.

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ ni kò fàyè gba ìbéèrè, pé ọba ni a ń pè ní kábíyèsí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè bi í. Ẹni tó bá dúró sórí orúkọ yẹn kò tíì ka ìtàn Ọ̀yọ́ dé ibi tó yẹ. Aláàfin tí ẹnikẹ́ni kò lè bi ní gbangba ni àwọn Ọ̀yọ́mèsì ń bi nínú ilé, Baṣọ̀run sì lè jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti kọ̀ ọ́. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà wá ṣi agbára yìí lò, tí ó ń fi ọba kan jẹ tí ó sì ń pa òmíràn, Aláàfin Abíọ́dún rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọdún 1774. N kò mú ìtàn yìí wá láti fi sọ pé ayé àtijọ́ dára. Òwò ẹrú wà nínú rẹ̀. Mo mú un wá kí a má baà di ẹrù ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa lé àwọn baba ńlá wa lórí.

A kò tilẹ̀ nílò láti padà sí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Owó kòkó kò lọ sókè, ọ̀nà oko bàjẹ́, àwọn wolé-wolé ń yọ wọ́n lẹ́nu, owó orí sì ń gun orí owó orí. Ohun tí wọ́n béèrè kò le láti yé ènìyàn: ṣílè 30 ni wọ́n fẹ́ san, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà láti ayé owó ẹyọ. Wọ́n ṣe ìṣirò náà ní èdè tiwọn àti ní ọ̀nà ìkawó tiwọn. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà, Adéyínká Adébáyọ̀ sì ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n yìnbọn, wọ́n ti ènìyàn mọ́lé, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀. Níkẹyìn, ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ ti lọ bá Tàfá Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba sọ owó orí di £2.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìtàn sì bá a lọ, àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá pẹ̀lú. N kò wá síbí láti yìn wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò lè kọ orúkọ ara wọn, síbẹ̀ wọ́n mọ iye tí wọ́n ń san, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń san án fún, wọ́n sì mọ ohun tí wọn kò rí gbà. Lónìí, ẹ lọ bi ẹni tó gba oyè yunifásítì ní iye owó tó wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ẹ̀kọ́ wa mẹ́hẹ, kì í ṣe àìmọ̀wé ni mo ń sọ. Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè gbà fún ọdún 16 láì kọ́ láti béèrè ni mo ń sọ.

Bí àwọn àgbẹ̀ ti ń padà sí oko wọn, ilé-ẹjọ́ kan ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti fi Òfin Karùn-ún ọdún 1967 gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí dúkìá àwọn tó ti di ipò mú. Lákànmí àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá, tí ọwọ́ ìgbìmọ̀ náà tẹ dúkìá wọn, gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́. Bí ẹjọ́ ti ń lọ, ìjọba àpapọ̀ ṣe Àṣẹ-òfin 45 ti ọdún 1968 láti fi ìdí ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe múlẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1970, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, dá a pé àṣẹ-òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ adájọ́ ni ìjọba fi ń ṣe òfin. Bóyá Lákànmí jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 15 péré lẹ́yìn ìdájọ́ náà, àwọn ológun gbé Àṣẹ-òfin 28 jáde. Ó sọ ìdájọ́ náà di òfo, ó sì sọ pé kò sí ilé-ẹjọ́ tó lágbára láti yẹ àṣẹ wọn wò.

Mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹjọ́ yìí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé kì í yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n máa ń sọ pé, “Ẹ̀yin Ọ̀gá, ológun mà ni wọ́n.” Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tí mo wá sọ níbí. Ìjọba ológun kò parí sínú ìwà ìkà tó hù. Ó kọ́ni láti rí i pé bí agbára bá ti tó, ìdáhùn kò pọn dandan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún wọn. Wọ́n gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, wọ́n gbé e sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Wọ́n tún gbà á ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, wọn kò sì lọ títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Bí a bá yọ oṣù díẹ̀ tí Ṣónẹ́kàn fi jókòó ní ọdún 1993, ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún 29. Ẹni tí a bí ní ọdún òmìnira ti di ẹni ọdún 47 kí ó tó fojú rí alágbádá kan tó gbé ìjọba lé alágbádá mìíràn lọ́wọ́, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2007. Àwọn tó ń darí ilé-ìwé, ilé-iṣẹ́ ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1999, abẹ́ àṣẹ ológun ni púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà.

Ọdún 1984 ni mo rò pé ó hàn jù lọ. Àṣẹ-òfin Kejì fún ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láì dá a lẹ́jọ́. Àṣẹ-òfin Kẹrin mú kí wọ́n sọ àwọn oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi rẹ́rìn-ín títí di òní. Nínú ogun tí ìjọba Bùhárí àti Ìdíàgbọn sọ pé àwọn ń bá ìwà ìmẹ́lẹ́ jà, òṣìṣẹ́ ọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn ènìyàn, baba ọlọ́mọ tó ní irun funfun lórí. Àwọn tó rí i pàtẹ́wọ́. Mo gbà pé ìwà ìmẹ́lẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ibo ni a ti rí irú ìyà yẹn rí? Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ tó pẹ́ dé ní í fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ológun kò mú ohun àjèjì wá; wọ́n sọ gbogbo ìlú di ọmọ ilé-ìwé, àwa náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí a ti kọ́ ọ láti kékeré.

Ẹ wọ kíláàsì kan ní ilé-ìwé ìjọba níbikíbi ní agbègbè wa. Olùkọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, àwọn ọmọ yóò kà á tẹ̀lé e. Yóò béèrè pé, “Ó yé yín?” Gbogbo wọn yóò dáhùn ní ohùn kan pé, “Ó yé wa, sà!” Mo ti jókòó sẹ́yìn irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà nígbà tí mo bá lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí kò yé kò jẹ́ sọ pé kò yé òun, nítorí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí gómìnà bá dúró sórí pèpéle ní ọdún 20 lẹ́yìn náà, tí ó sì béèrè bóyá a rí ohun tí òun ṣe, ìdáhùn náà ti wà ní ẹnu wa, kò yí padà: a rí i, sà.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ni ìṣòro ilé-ìwé. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí owó náà ṣe wá. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn, S. O. Awókọ́yà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn. Wọ́n ní láti bu lára owó rẹ̀ lé àwọn ènìyàn lórí, inú sì bí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ Action Group tó ń ṣe ìjọba fìdí rẹmi lọ́wọ́ NCNC nílé ara rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò pa ètò náà tì. Wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣàlàyé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ ilé-ìwé sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó ju 811,000 lọ láàrin ọdún kan. Ní ọdún 1956, àwọn ènìyàn kan náà dìbò dá wọn padà sí ilé ìgbìmọ̀. Àríyànjiyàn ni gbogbo rẹ̀: ìjọba béèrè owó, ará ìlú béèrè ìdí, ìjọba sì dáhùn. N kò sọ pé ángẹ́lì ni àwọn olóṣèlú ìgbà náà. A kò gbàgbé ọdún 1962, nígbà tí wọ́n sọ àga lu ara wọn nínú ilé aṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé iná ọdún 1965.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Gowon ló ti kéde rẹ̀ ní Ṣókótó ní ọdún 1974, Ọbásanjọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ète rẹ̀ dára, n kò ní bú u. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò sì béèrè kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Ẹni tí a kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ronú pé ó ní ìṣirò láti gbà. Àwọn ọmọ tó jáde wá pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ṣe ètò lọ, olùkọ́ kò tó, wọ́n fi ìkánjú kọ́ àwọn kan. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kò sí ilé aṣòfin tí a ti jiyàn lórí ètò náà, kò sì sí ẹni tó gbà pé ti òun ni. Ó rọra ń jò lọ bí omi inú agbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú èyí pẹ̀lú, bí mo bá sì fò ó nínú Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ẹ ó bi mí. Láti ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tó ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ́n ta wọ́n yọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ tó gbọ́ ohun tí à ń sọ lè sọ pé, “Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?” Ọmọ tí kò gbọ́ kò ní ju kí ó há a sórí lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba alágbádá ló ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ti jọ ti àwọn ológun: àwọn òbí gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìkéde.

Ẹ má rò pé àwa ní yunifásítì yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1978, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìdí tí owó oúnjẹ àti ibùgbé fi lọ sókè, ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Akíntúndé Òjó kú ní Èkó, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 1988, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́gbọ́n wa kó lọ sí ìlú òyìnbó. Díẹ̀ nínú àwa tó kù kọ́ láti máa fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́, a sì ń ṣe sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun ti ń ṣe sí ọmọ ogun. Ní ilé-ìwé ìsàlẹ̀, wọ́n yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ọdún 2009, ó sì pẹ́ kí ìjọba tó tún ní kí a dá a padà. Odidi ìran kan ti kọjá láàrin ìgbà náà láì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1993 lẹ́nu olùkọ́ kankan.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí àwọn méjèèjì ti so pọ̀. Ìwé-òfin tí a ń lò láti ọdún 1999, Àṣẹ-òfin 24 ti ìjọba ológun Abdulsalami Abubakar ló mú un jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sọ pé àwa ènìyàn Nàìjíríà ni a fi í fún ara wa, bẹ́ẹ̀ kò sí ìbò tí ẹnikẹ́ni dì lórí rẹ̀. Abala 18 sọ pé ìjọba yóò gbìyànjú láti fòpin sí àìmọ̀wé, yóò sì pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí agbára bá ká a. Abala kẹfà sì sọ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ bi ìjọba bóyá ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà nínú ti ọdún 1979. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ìlérí tí ènìyàn kò lè fi ẹni tó ṣe é pe ẹjọ́ lábẹ́ orí yẹn. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní èrò mìíràn ní ọdún 2010, ó sọ pé ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n òbí mélòó ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ ló gbọ́?

Ìwé-òfin yìí kan náà ló fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ìtọ́jú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abala keje ní ìdìbò ni kí a fi yan àwọn tó ń ṣàkóso wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, gómìnà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan alága fìdíhẹ, owó wọn sì ń gba inú àpò tí ìpínlẹ̀ ń ṣọ́ kọjá. Ta ló kọ́ gómìnà pé òun lè tú ìgbìmọ̀ tí àwọn ènìyàn yàn ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé gómìnà kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, kí owó káńsù sì máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ káńsù. Mo rántí ẹjọ́ Lákànmí ní ọjọ́ náà. Ní ọdún 1970, ọjọ́ 15 ni ó gba ìjọba láti pa ìdájọ́ rẹ́. Ní àkókò tiwa, kò sí ẹni tó pa á rẹ́. Nígbà tí ọdún kan pé lẹ́yìn rẹ̀, owó náà ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́. Àwọn olórí kò nílò àṣẹ-òfin mọ́. Wọ́n mọ̀ pé a kò ní béèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni òrùlé ilé-ìwé ń jò, olùkọ́ kan ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, ọmọ tó jáde níbẹ̀ kò mọ̀ pé káńsù ló yẹ kí òun bi léèrè. Káńsù pẹ̀lú mọ̀ pé kò mọ̀.

Kí ni a lè ṣe láti inú yàrá yìí? Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni a ti ní òfin tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àti ìṣirò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, láì sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé ó kan gbogbo wọn. Ohun tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni gbólóhùn méjì tí ènìyàn kì í sábà kà: ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún un, òṣìṣẹ́ tó bá sì gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn àgbẹ̀ Àkànrán ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Àbá mi fún Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ni pé kí á tú òfin náà sí Yorùbá tí ìyálọ́jà lè gbọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọdún tó kẹ́yìn sì gbé ìbéèrè kan lọ sí káńsù ìlú tirẹ̀ lórí ilé-ìwé tí òun fúnra rẹ̀ lọ: iye tó wọlé fún àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ẹni tó gba iṣẹ́ náà, àti ọjọ́ tí a parí rẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn, kí a tẹ ìdáhùn náà sínú ọ̀wọ́ ìwé yìí. Bí wọn kò bá dáhùn, kí a tẹ ìbéèrè náà àti ọjọ́ tí a fi í lé wọn lọ́wọ́. Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìwé bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé kan. Ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo fi àyè orúkọ káńsù sílẹ̀ ní òfìfo.